Ó Ní Òun Ò Ní Lo Fóònù Lókè Òkun: Ọ̀rọ̀ Ìdílé Kan ní Ìdó-Èkìtì

Àbúrò mi ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Tíṣà ni ní ilé ìwé aládàáni kan nílùú Ìdó-Èkìtì, ó ní ìyàwó, ó sì bí ìbejì. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, ó rí físà gbà láti lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kékeré kan ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun nìkan ni físà náà wà fún, torí láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ìjọba ibẹ̀ ti sọ pé àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe irú iṣẹ́ yìí ò lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ìpalẹ̀mọ́ ti ń lọ lọ́wọ́, a ti ra aṣọ òtútù nínú òkìrìkà, ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó gbéra, ló bá sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ kan pé òun ò ní lo fóònù alágbèéká níbẹ̀. A rò pé fóònù olówó ńlá ló ń sọ. Ó ní rárá o, òun ò ní ní ọ̀kankan, ì báà jẹ́ áńdíróìdì, ì báà jẹ́ alátọ́ọ̀ṣì.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n tó tẹ̀ lé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìdó, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn kún fọ́ọ̀mù JAMB, NIN, ìwé ìrìnnà àti físà. Ìdí nìyẹn tí ilé fi ní kí n wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí n wá sọ fún wọn bóyá ó ṣeé ṣe. Àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ ti ka ohun tí mo kọ síbí, wọ́n ní kí n gbé e jáde bí mi ò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ nítorí pé ilé tí kò ní ọmọ lókè òkun ti ń ṣọ̀wọ́n ní Èkìtì, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí wa ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé, kò kàn sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta ni.

Ohun tó ń sá fún

Ọjọ́ tó ṣe ìdúpẹ́ físà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn tí wọn ò pè é láti ọjọ́ pípẹ́ ti ń pè é. Ẹnì kan fẹ́ san owó ilé. Ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jáde ní girama ti fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn tí yóò dá owó ńlá láti fi tún ilé ìwé náà ṣe. Ìbátan wa kan fẹ́ kó bá òun ra ọ̀kadà fún ọmọ òun. Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ ń kí i kú oríire, gbogbo wọn ló sì ń fi "má gbàgbé wa o" parí ọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, a ń tẹ àwọn ìwé rẹ̀ jáde. Ó ti pa ohùn fóònù náà, ó sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì. Fóònù ń gbọ̀n. Bó ti ń gbọ̀n ló ń sún díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé etí tábìlì, tí mo fi sáré nawọ́ gbá a mú kó má baà já bọ́. Àbúrò mi ò tiẹ̀ wò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò tíì gba kọ́bọ̀ o."

Òótọ́ ló sọ. Kò tíì gba kọ́bọ̀, ó sì ti wọ gbèsè. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀ ló ti yá apá kan owó ìrìn àjò, ó sì fi ilẹ̀ tó rà sí ọ̀nà Ifáki dúró fún ìyókù. Ìṣirò rẹ̀ ni pé bí òun bá fi ọdún kan gbájú mọ́ gbèsè, ọrùn òun á mọ́. Bí òun bá sì ń gbé ìpè, òun ò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé rárá. Ó mọ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti sunkún sí i létí, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa kó fún un.

Ohun kejì tó ń bà á lẹ́rù ni iṣẹ́ alẹ́. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni yóò máa wọṣẹ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni yóò máa jáde, ọ̀sán ni yóò sì máa sùn. Ọ̀sán yẹn gan-an ni ilé ń pe èèyàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Ifáki tó ti lọ ṣáájú rẹ̀, ló sọ fún un pé òun ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní oorun àsùnwọra mọ́: bí òun bá pa fóònù, wọ́n á ní òun ti di ọ̀gá, bí òun bá ṣí i sílẹ̀, oorun ti lọ nìyẹn. Àti pé àbúrò mi fúnra rẹ̀ kì í gbé fóònù sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lè jẹ́rìí sí i pé òun ń jí láago méjì òru, kí òun sì bá a níbi tó ti ń wo fídíò.

Àwọn kan nínú ìdílé ní ahun ni. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn nígbà yẹn, mi ò sì tíì gbà dòní. Ẹni tó jẹ gbèsè, tó mọ ibi tí agbára òun mọ, tó sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi san án, ahun kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ilé sọ

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá wa la ti ṣèpàdé. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn ò sì mọ̀wé. Wọ́n jẹ́ kí gbogbo wa sọ̀rọ̀ tán, wọ́n wá kọjú sí àbúrò mi. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa fóònù yín. Ohùn rẹ ni mo fẹ́ máa gbọ́. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, ṣé ẹlòmíì ni yóò wá máa sọ fún mi pé ọmọ mi wà láàyè?"

Bàbá Kékeré, ìyẹn àbúrò bàbá wa, kàwé ní London láàárín ọdún 1974 sí 1980. Wọ́n sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sórí bébà búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń ṣẹ́ po, tí òun náà yóò sì di àpò ìwé fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀ nílé, wọ́n á gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi rán an. GSM ò dé Nàìjíríà títí di ọdún 2001; NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba gan-an, ọdún 1985 ni wọ́n dá a sílẹ̀. "A gbé e," ni wọ́n wí. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ṣeé gbé." Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé lẹ́tà tó sọ fún àwọn pé bàbá àwọn kú dé ọwọ́ àwọn lẹ́yìn tí wọ́n ti sìnkú tán, tí àlejò ti tú ká. Wọ́n ní orí bẹ́ẹ̀dì lójúlé kan ní London làwọn ti ka á, kò sì sí ẹni tó máa bá àwọn sunkún.

Ìyàwó àbúrò mi, Ìyá Ìbejì, ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Aránṣọ ni, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níwájú àgbà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin bàbá. Bí wọn ò bá rí Bàbá Ìbejì pè, ta ni wọ́n máa pè?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, torí Màmá ti tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ohùn.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ wò. Oríṣi méjì ni iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó níbẹ̀. Àwọn kan ń lọ láti ilé dé ilé, fóònù sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń sọ fún ọ̀gá pé àwọn ti dé, àwọn ti ń lọ. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ ohun tí arúgbó jẹ àti oògùn tó lò sí. Ẹni tó ń ṣe irú èyí ò lè sọ pé òun ò ní fóònù. Àwọn kejì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tí àwọn arúgbó ń gbé. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú fóònù tirẹ̀ dání lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń lò. A yẹ lẹ́tà iṣẹ́ rẹ̀ wò, oríṣi kejì ni tirẹ̀. A tún kọ ímeèlì sí wọn, wọ́n ní ímeèlì náà làwọn yóò máa fi sọ ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún un, àwọn ò fi dandan fóònù lé e lórí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Káàdì tí wọ́n ń fún àwọn àlejò tẹ́lẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí físà wà báyìí, eVisa ni wọ́n ń pè é. Bí èèyàn bá fẹ́ wọ àkáǹtì náà, wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́ sí i, ó sì lè yàn án kí kóòdù náà wá sórí fóònù tàbí sínú ímeèlì. Inú ibẹ̀ ló tún ti máa gba kóòdù tí yóò fún ọ̀gá iṣẹ́ àti onílé, kí wọ́n lè rí i pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ àti láti gbalé. Ọjọ́ 90 ni kóòdù yẹn fi ń ṣiṣẹ́. Áńdíróìdì rẹ̀ la fi ya ìwé ìrìnnà àti ojú rẹ̀ nígbà tí a ń ṣí àkáǹtì náà ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ìyẹn, ímeèlì tó. Ó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, bí ìyẹn bá sì bàjẹ́, ilé ìkàwé ìlú níbẹ̀ ní kọ̀ǹpútà tí ará ìlú lè lò.

Ti báńkì le díẹ̀. Àwọn báńkì kan níbẹ̀ ò ní ẹ̀ka kankan, orí fóònù nìkan ni wọ́n wà. A ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀. Nínú àwọn tó ní ẹ̀ka, òmíràn máa ń fún oníbàárà ní ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí yóò ki káàdì rẹ̀ bọ̀, ẹ̀rọ náà á fún un ní kóòdù, òun ló sì máa fi ṣe ohun tó bá fẹ́ ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Káàdì yẹn kan náà ló máa fi san owó bọ́ọ̀sì.

Ẹnì kan ní kó kúkú mú fóònù alátọ́ọ̀ṣì lọ. Èmi náà wò ó. Nígbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù níbẹ̀ ti ń pa 3G wọn, wọ́n sì ti sọ pé 2G náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ alátọ́ọ̀ṣì ń lò, ò ní kọjá ọdún 2033. Ilé iṣẹ́ kan nínú wọn tó ń jẹ́ Three ò tiẹ̀ ní 2G tirẹ̀ rí. Nítorí náà alátọ́ọ̀ṣì tí a bá rà ní Adó lè gbé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan kó má gbé lórí òmíràn. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú àbúrò mi kọ̀ ọ́. Ó ní nọ́ńbà ni nọ́ńbà ń jẹ́. Bí ẹnì kan bá ti lè ní in ní Ìdó, kó tó di ọjọ́ kejì á ti dé Ọ̀mùò.

Ibi tí mo bá a dé nìyí tí ẹnu fi yà mí. Ìlú Ọba gbà kéèyàn gbé ibẹ̀ láìní fóònù, bó tilẹ̀ nira. Ilé ni kò gbà.

Ẹ wo síìmù rẹ̀ ti Nàìjíríà. Ìlànà àjọ NCC, tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, ni pé bí síìmù bá pé oṣù mẹ́fà tí kò ṣe ohunkóhun tó ń mówó wọlé fún ilé iṣẹ́ tó ni ín, wọ́n lè tì í pa. Bó bá tún lo oṣù mẹ́fà mìíràn bẹ́ẹ̀, wọ́n lè kó nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì. Nọ́ńbà yẹn ló sì so mọ́ NIN rẹ̀, òun ló so mọ́ BVN rẹ̀, orí rẹ̀ ni alẹ́ẹ̀tì àti kóòdù báńkì ń wọlé sí. Mo ti rí bó ṣe ń rí. Obìnrin kan ti Dubai dé, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí n bá a tún orúkọ rẹ̀ ṣe lórí NIN. Kóòdù ń lọ sórí nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́. A pe nọ́ńbà náà, ọmọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ló gbé e, ó ní òun ti ń lò ó ó pẹ́. Obìnrin yẹn jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, kò lè dìde. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń lọ tó ń bọ̀ kó tó lè fọwọ́ kan owó ara rẹ̀.

WhatsApp náà ò ṣeé fi kọ̀ǹpútà nìkan lò. Orí fóònù ló gbọ́dọ̀ fìdí múlẹ̀ sí, bí wọn ò bá sì lo fóònù náà fún ohun tó lé ní ọjọ́ 14, yóò lé kọ̀ǹpútà jáde. Gbogbo ẹgbẹ́ tí ìdílé wa ti ń ṣe ìpàdé, orí WhatsApp ni wọ́n wà.

Àdéhùn

Mo padà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá, mo to gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Bàbá Kékeré ní ọ̀nà kan ò wọjà, ká wá bí a ó ṣe gbà á.

Síìmù rẹ̀ yóò dúró sí Ìdó nínú áńdíróìdì rẹ̀, lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, òun á sì máa fi pe èèyàn lóṣooṣù kí wọ́n má baà tì í. Ibi tí mo ti takú nìyí: mo ní kó kọ́kọ́ kó owó kúrò ní báńkì rẹ̀, kó jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò kù síbẹ̀. Mo sọ ọ́ lójú ìyàwó rẹ̀, mo sì ṣàlàyé pé kì í ṣe pé a ò fọkàn tán an. Bí olè bá jí fóònù yẹn ní ọjà, ẹni tí síìmù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni báńkì máa mọ̀. Òun gan-an ló kọ́kọ́ gbà pẹ̀lú mi. Owó tó bá ń fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀, àkáǹtì ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa wọ̀, yóò sì máa ti orí kọ̀ǹpútà rán an.

Ní ti ohùn tí Màmá ń wí, ọjọọjọ́ Àìkú ni, láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwọn lọ́hùn-ún. Á ṣí kọ̀ǹpútà, á lo Google Meet, ìyẹn tí kò béèrè nọ́ńbà, Ìyá Ìbejì á sì gbé fóònù tirẹ̀ síwájú Màmá. Láàárín ọ̀sẹ̀, á kọ lẹ́tà sínú ímeèlì mi, èmi á tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ní ti ọ̀ràn pàjáwìrì, nọ́ńbà tẹlifóònù ilé ìtọ́jú náà la gbà, torí wọ́n ní òṣìṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Mo fi máàkà dúdú kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì Màmá. Màmá ló dá òfin rẹ̀: àìsàn, jàǹbá, ikú. Wọ́n ní ẹni tó bá fi pè nítorí owó, àwọn á fi ọ̀dà pa á rẹ́.

Ọdún kan la dá fún un. Ó lọ ní oṣù Kejì ọdún 2025, gbogbo ìwé rẹ̀ nínú ọ̀rá, àdírẹ́sì lórí bébà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ Ifáki sì lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Manchester.

Bó ṣe rí

Ó sùn. Ohun tó kọ́kọ́ kọ sí mi nìyẹn, pé òun ti gbàgbé bí oorun ọ̀sán ṣe ń dùn tó. Gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tán kí ọdún tó parí, ìyẹn tí ilẹ̀ dúró fún ló kù. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ gùn ju ohun tí mo rò lọ. Èdè Yorùbá ló fi ń kọ wọ́n, ó sì ń fi àmì sí ohùn bí tíṣà tó jẹ́. Àwọn ìbejì ló ń kà á fún Màmá, èkínní á ka ojú ìwé kan, èkejì á ka ìkejì. Bí wọ́n bá ṣi ohùn pè, tí ọkọ́ di ọkọ, Màmá á dá wọn dúró, wọ́n á ní, "Bàbá yín ò sọ bẹ́ẹ̀." Àwọn ọmọ tí wọn kì í fẹ́ ka Yorùbá níléèwé ni mò ń wí yìí.

Ọjọ́ kan wà tí àyà wa já. Láti ìparí oṣù Kẹta títí dé ìparí oṣù Kẹwàá, aago Ìlú Ọba àti tiwa ò yàtọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n máa ń dá tiwọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ó bọ́ sí. Aago márùn-ún lù ní Ìdó, ojú fóònù dúdú. Màmá jókòó, wọ́n ti wé gèlè. Aago márùn-ún ààbọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù. Ìyá Ìbejì ti ń tọ́ka sí ara ògiri, ó fẹ́ ká pe ilé ìtọ́jú. Ó ku ìṣẹ́jú kan kí aago mẹ́fà lù ni ojú rẹ̀ yọ, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà, wọ́n ti gbé aago ògiri kejì kọ́ sílé Màmá, aago Ìlú Ọba ni wọ́n ń pè é.

Nínú oṣù Kọkànlá, ẹ̀jẹ̀ Màmá ru lóru, a gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá Ìbejì pe nọ́ńbà ara ògiri. Obìnrin kan gbé e, ó ní kó dúró, kò sì pẹ́ tí a fi gbọ́ ohùn àbúrò mi. Ẹnu iṣẹ́ ló wà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé inú lọ́kà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń ti fóònù wọn mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ká ní òun ní fóònù, àárọ̀ ni òun ì bá tó gbọ́. Ara Màmá yá, wọ́n padà sílé lọ́jọ́ kẹta.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ǹ bá ti sọ fún gbogbo ayé pé ó ṣeé ṣe, kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ti Ìyá Ìbejì.

Mo lọ gba ṣòkòtò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án kan. Ó wà lórí máṣíìnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ lórí pẹ́dà, ó fi eyín di píìnì mẹ́ta mú. Fóònù dún. Ó dáwọ́ dúró, ó yọ àwọn píìnì náà lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó lè sọ pé, "Ẹ káàsán mà." Ẹni tó pè ò dáhùn ìkíni. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí: "Ìyá Ìbejì, ìwọ lo di ọkọ mọ́lẹ̀ tí a ò fi gbúròó rẹ̀." Ó ní, "Ẹ má bínú mà, wọn ò ní fóònù ni." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló máa wà ní Ìlú Ọba tí kò ní ní fóònù, ó sì pa á. Ìyá Ìbejì wo aṣọ tó ń rán. Ojú ìrán ti wọ́. Ó mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Mo bi í bóyá ó pẹ́ tó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ó ní láti oṣù Kẹrin ni. Gbogbo ìpè tí ọkọ rẹ̀ ò gbé, orí nọ́ńbà tirẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó fẹ́ yáwó ń pè é. Ẹni tí inú ń bí ń pè é. Wọ́n ti sọ ní ọjà pé wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀ sí àtìmọ́lé lọ́hùn-ún, wọ́n tún sọ pé wọ́n ti dá a padà sí Èkó, pé ìyàwó ló gbé e pamọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan tó ń gbé ní Ọ̀yẹ́ ti ní òun ò fẹ́ rí i lójú mọ́. Kò sì sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, torí Màmá ló ni ọjọ́ Àìkú.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju gbogbo ohun tó wà nínú ìtàn yìí lọ. Inú mi dùn pé àbúrò mi rí ìsinmi. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ní Ìdó ló ń jí lóru rẹ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá ń rò ó láti ṣe ohun tí àbúrò mi ṣe, tí kò kọ́kọ́ wo ẹni tí ìpè máa já lé lórí nílé, kò tíì rò ó dé ibi tó yẹ. Ní ilẹ̀ wa, ìyàwó ló máa ń jẹ́. Bí owó dé, ọmọ wọn ló rán an; bí owó ò dé, ìyàwó ló dí i lọ́nà.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí àbúrò mi. Èsì rẹ̀ ò gùn rárá: òun máa ra fóònù lọ́la. Mo ka lẹ́tà náà fún Ìyá Ìbejì, ó ní kí n kọ̀wé padà pé kó má rà á. Ó ní ilẹ̀ ọ̀nà Ifáki ò tíì padà bọ́ sọ́wọ́ àwọn, òun ò sì fẹ́ kí ọkọ òun máa fi ojú tí kò rí oorun gbé arúgbó oní-arúgbó. "Ẹ sọ fún àwọn bàbá kí wọ́n gba ìpè lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ ò ju ìyẹn lọ."

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2025, nígbà tí gbogbo ìdílé wálé, Bàbá Kékeré dìde nínú ìpàdé. Wọ́n ní láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ àwọn, ọ̀dọ̀ àwọn ni kó wá, ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ló ní kó má ní fóònù, kí ẹni tí inú bá ń bí bínú sí àwọn. Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù báyìí tí mò ń kọ orúkọ àti ìdí sí. Iye kan ní oṣù ni àbúrò mi ń yọ sọ́tọ̀, Bàbá Kékeré ló ń sọ ẹni tí yóò kàn. Àwọn tó wá láti oṣù Kìíní ò pọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè ní ojoojúmọ́ ò tíì yọjú. Ìyá Ìbejì ti ra síìmù tuntun fún àwọn oníbàárà àti ìdílé. Èyí tó so mọ́ BVN rẹ̀, alẹ́ nìkan ló ń ṣí i láti wo alẹ́ẹ̀tì.

Oṣù Kejì yìí ni ọdún tí a dá máa pé. Àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi kún un títí ilẹ̀ yóò fi padà. Màmá ní àwọn ò tíì fọhùn, kí àwọn kọ́kọ́ rí i pé wọ́n ti bẹ ìyàwó àwọn. Ó ku ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó wà ní Ọ̀yẹ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni èmi àti Bàbá Kékeré ń lọ bá wọn, a ó mú Ìyá Ìbejì dání, àbúrò mi sì ti kọ lẹ́tà tí a máa kà sí wọn létí.